Ẹ bá mi dúpẹ́, ìró ti dúró nídìí mi

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yin Olúwa. Ẹni ọdún 71 ni mí, ọjà Bódìjà ni mo ti ń ta ẹ̀wà. Ẹ̀yin tí ẹ rí mi lọ́dún tó kọjá mọ̀ pé ìró kì í dúró nídìí mi mọ́.

Kókó ló kọ́kọ́ so sí mi lọ́rùn, kò dùn mí. Lóru, òógùn á mu aṣọ mi bí ẹni tí òjò pa. Ibi tí mo kọ́kọ́ lọ, ibà ni wọ́n ń tọ́jú. Alágbo kan wá ní kí n má jẹ ẹran, ẹja àti ẹyin mọ́, pé àwọn ló ń bọ́ kókó náà. Mo gbọ́ tirẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Kílò 68 ni mí tẹ́lẹ̀. Kí oṣù mẹ́fà tó pé tí àwọn ọmọ mi gbé mi dé UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà n'Ìbàdàn, mo ti di 57.

Wọ́n gé lára kókó náà lọ yẹ̀ wò: jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní lymphoma. Oògùn ni mo ń retí, oúnjẹ ni dókítà ń bi mí. Albumin, ìyẹn èròjà purotéènì kan nínú ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 28 nínú tèmi, ó sì yẹ kó tó 35. Ó ní àìsàn náà fúnra rẹ̀ máa ń fà á wálẹ̀, kì í ṣe ebi nìkan. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó bá ti rù kó tó bẹ̀rẹ̀ kẹ́mò, ìyẹn oògùn tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ, oògùn náà máa ń nira fún un jù, àìsàn míì máa ń tètè ráyè wọlé, ẹ̀mí rẹ̀ sì lè má gùn tó ti ẹni tó lókun. Àyà mi já.

Wọ́n ní kí n má dúró de ebi, kí n máa jẹ díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà lóòjọ́: ògì tí wọ́n po ẹ̀pà lílọ̀ mọ́, mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin, ẹja. Kẹ́mò ti ba ẹnu mi jẹ́. Àmàlà àti gbẹ̀gìrì tí mo fi dàgbà wá ń ṣe bí irin lẹ́nu mi. Ọmọ mi obìnrin á jókòó tì mí pẹ̀lú ṣíbí, á ní, “Màámi, ẹ gbé eléyìí mì nítorí tèmi.” Mo máa ń sunkún tòun ti oúnjẹ lẹ́nu. Kò kanra mọ́ mi rí, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọlọ́run, bá mi san án fún un!

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo gba kẹ́mò, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta síra wọn. Mo ti padà di kílò 63. Níbi àyẹ̀wò tó kẹ́yìn, wọn ò rí kókó kankan mọ́, wọ́n ṣì ní kí n máa wá kí wọ́n máa wò mí. Halelúyà! Mo ti se mọ́ínmọ́ín wá, ẹ̀wà ìsọ̀ mi ni. Ẹ má lọ láìjẹ ẹ́.