Gíríìsì àti Àríwá Makedóníà: ẹ má pè é ní ìjà orúkọ lásán

Inú máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ tẹ́nìkan ń fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín pé ṣebí orúkọ lásán ni wọ́n ń jà lé. Nígbà tí Makedóníà kúrò lára Yugosláfíà ní 1991, Gíríìsì fárígá, torí àwọn náà ní agbègbè tó ń jẹ́ Makedóníà, ibẹ̀ ni Thessaloniki wà, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé ẹni tó gba orúkọ lónìí lè wá béèrè ilẹ̀ lọ́la. Ní 1994 Gíríìsì ti bọ́dà mọ́ wọn, ọjà ò gba èbúté Thessaloniki kọjá mọ́, àfìgbà tí Makedóníà gbà láti yọ oòrùn Vergina, àmì àtijọ́ tí Gíríìsì ní tòun ni, kúrò lára àsíá ẹ̀ ní 1995. Ní 2008 Gíríìsì tún dí wọn lọ́nà láti wọ NATO, ẹgbẹ́ ààbò àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn.

Ẹ wá wo 17 oṣù kẹfà 2018, ní Psarades létí adágún Prespa, Zoran Zaev, olórí ìjọba Makedóníà, wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti òdìkejì, àwọn mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wọn buwọ́ lùwé pé Àríwá Makedóníà lorúkọ tuntun, Zaev wá tú táì ọrùn ẹ̀ fún Alexis Tsipras, olórí ìjọba Gíríìsì, tí kì í wọ táì rárá. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an, torí àwọn méjèèjì mọ̀ pé aráàlú máa bú àwọn. Nílé aṣòfin Gíríìsì, 153 ló gbà á, 146 kọ̀ ọ́. Tsipras fìdí rẹmi nínú ìbò 2019, Zaev náà padà kúrò lórí àlééfà, àmọ́ Mitsotakis tó gbapò Tsipras, tó sì ta ko àdéhùn náà tẹ́lẹ̀, ò fagi lé e nígbà tó dépò, Àríwá Makedóníà sì wọ NATO ní 2020.

Ohun tó wá ń dùn mí ni ti oṣù karùn-ún 2024, Gordana Siljanovska-Davkova ń búra bí ààrẹ Àríwá Makedóníà, ó pe orílẹ̀-èdè ẹ̀ ní Makedóníà, kò fi Àríwá kún un, ambásádọ̀ Gíríìsì bá dìde ó jáde. Kí ààrẹ pè é bó ṣe wù ú nínú ilé ẹ̀, kò kàn mí, ṣùgbọ́n ìbúra ìjọba kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ilé, àdéhùn ti wà nílẹ̀. Gíríìsì náà ò sì mọ́ pátápátá o, ìwé ìfọwọ́sowọ́pọ̀ mẹ́ta tó bá àdéhùn Prespa rìn, títí di 2024 àwọn aṣòfin wọn ò tíì fọwọ́ sí i, kí wọ́n jẹ́ kó wá síwájú ilé, kí wọ́n dìbò lé e lórí.