Owó ta ni ẹ ń lóṣòó dè?

Ọmọ Iléṣà mọ òṣómàáló. Á ta aṣọ láwìn, tó bá dọjọ́ owó, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọ́n á fi san án. Ṣùgbọ́n owó ara rẹ̀ ló ń lóṣòó dè. Òṣìṣẹ́ báǹkì tí kò rí oorun sùn láago méjì òru torí iye tí ọ̀gá ní kó mú wọlé lóṣù yìí, owó olówó ló ń lóṣòó dè. Bí ẹ ṣe lè fọkàn kúrò lára iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá ti délé là ń sọ.

Iṣẹ́ ọ̀hún gan-an lè tètè bọ́: lábẹ́ Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà, ẹni tó ti lo ọdún 5 sókè, oṣù 1 péré ni wọ́n fi ń sọ fún un tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó ní kó máa lọ. Àwọn ọ̀gá àti akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kò sí lábẹ́ òfin yẹn. Ìwé àdéhùn tiwọn ló máa sọ. Ẹ kà á, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà nílé.

WhatsApp iṣẹ́ ló le jù. Ẹ má kúrò nínú gúrúùpù ọ́fíìsì, ìjà nìyẹn. Ẹ pa ìró rẹ̀, kẹ́ ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan láago 7 alẹ́. Ẹ má ṣe é lójijì o: ẹni tó ń fèsì láàárín ìṣẹ́jú 2, tó wá dákẹ́ dọjọ́ kejì, wọ́n á ní ó ti ríṣẹ́ síbòmíràn. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kó pé ìdajì wákàtí kẹ́ ẹ tó fèsì; lọ́sẹ̀ kejì, wákàtí 2, títí ẹ ó fi dé orí ẹ̀ẹ̀kan lálẹ́.

Ìṣẹ́jú 10 tó kẹ́yìn lọ́fíìsì, ẹ kọ iṣẹ́ tó ṣẹ́kù àti ibi tẹ́ ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀: “Aláṣọ ọjà Atákúnmọ́sà, ó ku fọ́tò 1, kí n pè é láago 9.” Ohun téèyàn kò kọ sílẹ̀ ni ọpọlọ ń tún kà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ká má tanra wa, ẹni tí kò lówó nípamọ́ kò lè fọkàn kúrò lára iṣẹ́. Nínú owó ìfẹ̀yìntì, òṣìṣẹ́ ń dá ìdá 8 nínú 100 owó oṣù, ilé iṣẹ́ ń dá 10. Bíṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì pé ọmọ 50 ọdún, ó di ìgbà tí oṣù 4 bá kọjá láìríṣẹ́ mìíràn kó tó lè gbà tó ìdá 25 nínú 100 níbẹ̀. Oúnjẹ, owó ilé àti owó ọkọ̀ oṣù 4 yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sí àjọ ọ́fíìsì: lọ́jọ́ téèyàn bá kúrò, gbèsè tó bá jẹ wọ́n ni wọ́n á kọ́kọ́ yọ níbẹ̀.