Bátìrì Ìjàpá Bàbá Mi
Mẹkáníìkì ti kó sípánà sílẹ̀, ó fẹ́ tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Ìjàpá (Volkswagen Beetle) 1974 bàbá mi ṣe, ni rẹwáyà bá ní ká kọ́kọ́ wo bátìrì ná. A ṣí ìjókòó ẹ̀yìn (abẹ́ ibẹ̀ ni Volkswagen gbé e sí). Nǹkan funfun bí iyọ̀ ti hù bo orí rẹ̀. Omi gbígbóná la fi fọ̀ ọ́.

Mítà gbé fóòtì 12.5, inú mi dùn.

"Ẹ má tíì yọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ sítáàtì ẹ̀," ni rẹwáyà wí.

Bí mo ṣe yí kọ́kọ́rọ́ báyìí, ó já wálẹ̀ sí 8! Bátìrì tó ṣì lágbára kì í sábà wálẹ̀ kọjá 9.6. Àṣé kábúrétọ̀ (tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì) tí a ti ń bú látọjọ́ yìí ò mọwọ́mẹsẹ̀. Mẹkáníìkì ń palẹ̀ sípánà mọ́, ó ń bèèrè owó ọkọ̀.