Ọdún Tí Ẹ̀gbà Ọwọ́ Kan Gbé Lọ

Ẹ má bi wá léèrè oṣù yòókù. Oṣù Kẹfà nìkan la rántí ní yàrá tí a ti ń tọ́jú ohun àtijọ́, àti ẹ̀gbà ọwọ́ idẹ tí a ti kà mọ́ àwọn tó ti gbádùn.

Iná lọ, ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin dákẹ́, òjò ò sì dákẹ́. Gel inú ike, hóró tó ń mu ọ̀rinrin, ti kúrò ní àwọ̀ ọsàn, ó ti di àwọ̀ ewé, àmì pé ó ti mu yó, kò sẹ́ni tó wò ó. Nígbà tí a ó fi ṣí ike, ìyẹ̀fun ewé fẹ́ẹ́rẹ́ ti bo etí ẹ̀gbà náà, ó kúnná bí àtíkè, ó ń já bọ́ sórí fóòmù.

Iyọ̀ inú ilẹ̀ ló ń fa àìsàn yìí. Chloride inú iyọ̀ náà á wọ ara idẹ, á bá bàbà inú rẹ̀ di cuprous chloride, á sùn sábẹ́ ìpẹtà. Bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá ti kọjá nǹkan bí 42%, ó jí nìyẹn. Ásíìdì tó bá ìyẹ̀fun náà jáde á tún máa jẹ bàbà tó kù. Ẹni tó bá wo àwọn orí idẹ tí wọ́n hú ní Wúnmọníjẹ̀, ní Ifẹ̀, ní 1938, á rò pé idẹ kì í ṣàìsàn.

Abẹ́ máíkírósíkóòpù la ti fi abẹ ha ihò kọ̀ọ̀kan tí àìsàn náà jẹ. A fi acetone lé omi jáde, a wá rì í sínú ethanol mìlílítà 100 tí benzotriazole, oògùn tó ń dáàbò bo bàbà, gíráàmù 3 wà nínú rẹ̀, fún wákàtí 24. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o, májèlé ni. Oògùn yìí kì í lé iyọ̀ lọ, ó kàn ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ni. Nítorí náà a gbé e sínú ike tí omi wà nísàlẹ̀, wákàtí 24, ká lè dán an wò. Ihò méjì tún bú. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó gbóògùn. Nígbà tó gbẹ tán, a fi Paraloid B-72, ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń bo ara idẹ, kùn ún ní tín-ín-rín lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá ki, á máa dán bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tí wọ́n fòróró pa.

Ọnà tí wọ́n fín sí etí rẹ̀ ti bá ìyẹ̀fun lọ. Bàbá, àgbà wa tí kò sí níbí mọ́, ló kọ́kọ́ rí ọnà yẹn. Àga wọn ṣì wà létí fèrèsé. Àpò gel la gbé lé e báyìí. Gel ò kúkú ń hanrun lọ́sàn-án.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ wẹ́dà ẹ̀gbẹ́ wa tó yá wa ní jẹnẹrétọ̀, tó ní, “Torí ẹ̀gbà kan ṣoṣo?”

Orúkọ ẹni tí yóò máa wo gel láràárọ̀ Ajé ti wà lára ògiri. Láàárọ̀ yìí, òṣùwọ̀n ọ̀rinrin inú ike ka 36%.