"Ṣé kò sówó ni?"

Ohun tí àlejò náà wí nìyẹn bó ṣe rí àpótí ìrókò àtijọ́ tí mo tún ṣe ní pálọ̀, kó tó jókòó rárá. Kò fìbínú sọ ọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín ni, ìyẹn ló sì jẹ́ kó dùn mí.

Òjò rọ̀ látàárọ̀, kò síná, ọ̀nà Sábó dí pa. Ọjọ́ òní kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò sówó. Kọ́bọ́ọ̀dù tuntun tó ń dán gbinrin ńkọ́? Lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀ ló pọ̀ nínú wọn. Kí omi wọ ìdí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré nínú òjò Ìkòròdú yìí, á wú, ìṣó á tú, káfíńtà kankan ò sì lè dá a padà. Ìrókò á gbẹ ní tiẹ̀. Ó wà lẹ́nu mi láti sọ. Omi tútù ni mo gbé fún un.

Ká sòótọ́ ṣá, gbogbo igi àtijọ́ kọ́ ló yẹ kó wọlé. Tẹ́ ẹ bá rí ihò kòkòrò, ẹ tẹ́ aṣọ dúdú sábẹ́ ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Tí ìyẹ̀fun tín-ín-tín bá dà sí i, wọ́n ṣì ń jẹun nínú ẹ̀ nìyẹn. Etí pákó tó funfun ni wọ́n fẹ́ràn. Inú ìrókò tó pọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ wù wọ́n. Ẹ fi síríǹjì ta oògùn kòkòrò igi sínú ihò, ẹ fi búrọ́ṣì pa á lára, kẹ́ ẹ wá fi ọ̀rá wé e. Kẹrosíìnì nìkan? Òórùn lásán ni yóò fi sílẹ̀.

Sáńdípépà nọ́ńbà 80, èyí tó rí gàràgàrà, ló ń ṣáájú, lẹ́yìn náà 120, lẹ́yìn náà 220 tó kúnná. Ẹ tẹ̀ lé ìlà igi. Tẹ́ ẹ bá fà á ní ìbú, fáníìṣì ló máa tú àṣírí ẹ̀. Ẹ bo imú, eruku ìrókò a máa yúnni lára. Ẹ má sì ha gbogbo àpá kúrò o. Ibi tí àgádágodo ti ń gbá igi látọjọ́ pípẹ́, ó ti jin wọnú, ó ń dán bí ìdí ṣíbí. Ẹni tó bá ha ìyẹn…

Dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ àpótí náà kò fẹ́ ṣí. Wọ́n á ní ẹ fá a. Ẹ má fá nǹkan kan! Òjò ló mú un wú. Èyí tẹ́ ẹ bá fá ní Okúdù á máa mì jogojogo nígbà ọyẹ́. Ẹ fi àbẹ́là tàbí ọṣẹ gbígbẹ pa ẹ̀gbẹ́ tó ń gbà kọjá. Ẹ fi ìka méjì sílẹ̀ láàárín ẹ̀yìn ẹ̀ àti ògiri, kí atẹ́gùn lè gbabẹ̀; ikán fẹ́ràn ibi tó tutù, tó ṣókùnkùn.

Kò sówó ni… Bóyá ó kúkú rí i. Tówó bá wà nílẹ̀ yanturu, ṣé tuntun ò ní wọlé? Ìrókò tuntun ni ṣá. Àbí… mi ò mọ̀.

Èyí tó kàn ni ibi ìkó-bàtà-sí, pálẹ́ẹ̀tì, pákó tí wọ́n ń to ẹrù lé, tó ń jáde nílé iṣẹ́ ńláńlá lọ́nà Ṣágámù la máa fi kàn án. Ẹ wo òǹtẹ̀ ara ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. HT ni wọ́n fi ooru tọ́jú: inú igi gbóná dé ìwọ̀n 56 Sẹ́ńtígíréèdì fún ìṣẹ́jú 30. MB ni wọ́n fín ní gáàsì olóró, ẹ má gbé e wọ yàrá. Èyí tí kò ní òǹtẹ̀ rárá, tí epo dúdú sì ti ta sí lára, kódà kí wọ́n fi ta yín lọ́rẹ, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.