Ẹ wá ihò kí ẹ tó ra fáànù: ohun tí kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ róbọ́ọ̀tì wa kọ́ mi

Ọ̀kun o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń kó àwọn ọmọ lọ síbi ìdíje róbọ́ọ̀tì láti Kàbà, Ìyàrà, Ìsánlú títí dé Ẹ̀gbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí wọra, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ nígbà tó ṣì gbóná lọ́kàn mi.

Ìpele tó kángun sí àṣekágbá la wà, àwa la sì ń borí. Apá róbọ́ọ̀tì wa, tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́, ti gbé bọ́ọ̀lù sókè, ó ku kó jù ú sínú agbọ̀n, ni kọ̀ńpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ sínú táńkì rẹ̀, bá dákẹ́. Mọ́tò rẹ̀ gbóná kọjá àlà, ó sì pa ara rẹ̀. Ojú wa báyìí ni gééjì tó ń wọn afẹ́fẹ́ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, 60, 40, 20. Apá náà ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bọ́ọ̀lù yọ̀ bọ́. Ọmọbìnrin tó mú kọ́ńtíróòlù lọ́wọ́ ń tẹ bọ́tìnì ṣáá, ó yíjú sí mi, ó ní, "Sà, kò gbọ́ mọ́." Mi ò rí nǹkan kan sọ fún un. Nígbà tí wọ́n fọn fèrè, mo fọwọ́ kan orí kọ̀ńpúrẹ́sọ̀, ó jó mi, awọ ìka mi bó. Róbà tó so mọ́ ẹnu rẹ̀ ti rọ̀ jọ́bọ́jọ́bọ́. Àwọn ọmọ sunkún títí a fi wọ mọ́tò.

Àwọn kan ní a ò fi fáànù sí i. Irọ́ ni. Fáànù wà lórí rẹ̀, ó sì ń yí. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé owó la ò ná.

Ẹni tó bá ti fi páńpù ọwọ́ fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé afẹ́fẹ́ tí a bá fún pọ̀ máa ń gbóná. Ìwé kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ tiwa sọ pé bó bá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ dé 100 psi (òṣùwọ̀n agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tì), ìdá 9 nínú 100 àkókò ni kó fi ṣiṣẹ́, ìyẹn bí ìṣẹ́jú 5 nínú wákàtí kan. Afẹ́fẹ́ 22°C ni wọ́n sì fi ṣírò rẹ̀. Ta ló ń rí 22 lọ́sàn-án oṣù kẹta ní Kàbà?

Fọkanáísà kan lẹ́bàá ọjà ló là wá lójú. Ó po omi ọṣẹ, ó fi í ra gbogbo oríkèé róbà. Níbì kan tí wọ́n ti gé róbà ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ọṣẹ ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "Tíṣà, ẹ wò ó." Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà lọ. Bí afẹ́fẹ́ inú táńkì bá ti ń jò, kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ á máa tan ara rẹ̀ pa dà. Kí wọ́n tó pè wá wọ pápá, ó ti gbóná tán.

A fi abẹ gé róbà náà gún, a fi táńkì kan kún un, a fi páìpù irin sí ẹnu kọ̀ńpúrẹ́sọ̀, a sún un jìnnà sí àwọn mọ́tò tó kù lára róbọ́ọ̀tì. Ní báyìí, mo lè gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn ìdíje.

Fáànù dára, mi ò ní kí ẹ má fi sí i. Ṣùgbọ́n ihò ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ fi afẹ́fẹ́ kún táńkì kí ẹ tó wọ pápá. Ẹ tú afẹ́fẹ́ dà nù kí ẹ tó fọwọ́ kan róbà. Mo tún un sọ: ihò ni. Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ, ẹ fẹ́ táńkì dé 120 psi, ẹ pa kọ̀ńpúrẹ́sọ̀, ẹ kọ ohun tí gééjì sọ sílẹ̀, kí ẹ pa dà wò ó lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10. Bó bá ti sọ̀, ẹ má tíì sùn, ẹ po omi ọṣẹ.