Wọ́n Ní A Kò Lè Gé E: Ẹ̀rí Ìdúpẹ́ Láti Iléṣà

Ẹ̀yin ará Iléṣà, nílé àti lẹ́yìn odi, ọpẹ́ ni mo wá dú fún Olódùmarè tí ó dá mi sí láti fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Àrùn jẹjẹrẹ páńkríásì ni ó ṣe mí. Mo dárúkọ rẹ̀ ní gbangba nítorí pé, nílùú wa, bí ẹnì kan bá ní i, "inú rírun" tàbí "ọwọ́ ayé" ni a máa ń pè é títí a ó fi gbé onítọ̀hún sin, mo sì rò pé ọpẹ́ tí a kò mọ ohun tí a ń torí rẹ̀ dú kì í kún.

Páńkríásì fara pamọ́ sẹ́yìn àpòlúkù, ní iwájú eegun ẹ̀yìn. Òun ni ó ń pèsè omi tí ń da oúnjẹ, òun náà ni ó sì ń ṣe ínsúlínì tí ń ṣọ́ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Nítorí ibi tí ó wà, jẹjẹrẹ lè pẹ́ nínú rẹ̀ kí ara tó fura. Tèmi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrora àárín ikùn tí ó máa ń gba ẹ̀yìn yọ, pàápàá bí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀. Oúnjẹ kò wù mí mọ́, títí kan iyán, èmi ọmọ Ìjẹ̀ṣà! Lẹ́yìn èyí ni ẹyin ojú mi di pupa rúsúrúsú, ìtọ̀ mi dúdú, ìgbẹ́ mi funfun, ara sì ń yún mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń fi ẹ̀yìn ha ògiri. Gbogbo ẹni tí ó rí mi ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni, àgbo sì ń wọlé lọ́tùn-ún lósì. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí àgbo, nítorí pé ìfẹ́ ni wọ́n fi gbé e wá. Ṣùgbọ́n kókó tí ó wú ní orí páńkríásì ti fún ọ̀nà òróòro pa, àgbo kò sì lè là á.

Ilé-ìwòsàn Wesley Guild níbí ni a ti kọ́kọ́ ya àwòrán inú mi, tí wọ́n sì ní kí a máa lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá Ifẹ̀ kíákíá. Wọ́n fi páìpù kékeré kan la ọ̀nà òróòro, ojú mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́. Dókítà iṣẹ́ abẹ tí ó ka àbájáde àyẹ̀wò fún wa kò dúró lé wa lórí. Ó fa àga, ó jókòó, ó sì mú bíìrò ya ohun tí ó rí sẹ́yìn káàdì mi: kókó náà ti wé mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tí ń bọ́ ìfun, bí àfòmọ́ ṣe ń wé mọ́ ẹ̀ka kòkó. "Màmá," ó ní, "bí mo bá ní kí n gé e, iṣan tí ó gbé ẹ̀mí ìfun yín ró ni n ó gé." Ó ṣàlàyé pé nínú ènìyàn márùn-ún tí a bá rí àrùn yìí lára wọn, bóyá la fi lè rí ẹyọ kan tí iṣẹ́ abẹ ṣì bá a mu lọ́jọ́ náà. Kò tíì dé ẹ̀dọ̀ mi. Ibẹ̀ ni ìrètí wà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà yìí ju bí ó ti rò lọ, nítorí pé kò tàn mí, kò sì lé mi lọ sílé láti lọ kú.

Oògùn kímò, èyí tí ń pa jẹjẹrẹ, ni ó kàn, àdàlù oògùn mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní FOLFIRINOX. N kò ní fi gígùn rẹ̀ dá yín lágara. Ọ̀kan nínú wọn sọ ohun tútù di ọ̀tá mi, débi pé n kò lè fọwọ́ kan irin géètì wa láàárọ̀ ọyẹ́. Ọ̀nà Ifẹ̀ mọ̀ mí, Ọ̀ṣú mọ̀ mí, pẹ̀lú báàkẹ́ẹ̀tì lórí itan mi nínú mọ́tò. Kókó náà súnkì díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tú ìdè rẹ̀ lára iṣan.

Ìgbà yìí ni ọmọ mi obìnrin, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Jámánì, fi àwọn àwòrán mi han àwọn oníṣègùn ibẹ̀. Wọ́n ní bí a kò tilẹ̀ lè gé e, a lè fi iná mànàmáná pa á níbi tí ó wà. Irreversible electroporation ni wọ́n ń pe ìlànà náà. Ọ̀pọ̀ aláìsàn mọ̀ ọ́n sí NanoKnife, orúkọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe é. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe mí. Ní ọdún 2005 ni Davalos, Mir àti Rubinsky kọ ọ́ síta pé irú iná bẹ́ẹ̀ nìkan, láìsí oògùn kankan pẹ̀lú rẹ̀, lè pa ẹran ara tí a kò fẹ́. Ó ń dá ihò wínníwínní sí awọ tí ó bo sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, àwọn ẹyọ kéékèèké tí a fi mọ ara, ihò náà kò ní dí mọ́, sẹ́ẹ̀lì yóò sì kú. Kì í ṣe ooru ni ó ń fi ṣiṣẹ́ ní pàtàkì. Bí ó bá jẹ́ ooru ni, yóò jó iṣan ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀nà òróòro mọ́ kókó, ṣùgbọ́n èyí sábà máa ń fi wọ́n sílẹ̀ ní dídúró.

Àwọn náà kò tàn mí. Wọ́n sọ fún mi pé ìwádìí kan tí a ṣe ní Netherlands, tí ó jáde ní ọdún 2024, fi ìlànà yìí wé ìtànṣán tí ń pa jẹjẹrẹ, tí a ń fi MRI, ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú ara, darí, kò sì rí i pé ó jẹ́ kí aláìsàn pẹ́ láyé ju ìyẹn lọ. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ lè ya, páńkríásì lè wú, àrùn sì lè padà. Mo gbàdúrà lé e lórí, mo ní kí wọ́n ṣe é.

Wọ́n kùn mí lóorun pátápátá, wọ́n sì fi oògùn mìíràn dá iṣan ẹran ara mi dúró, nítorí pé bí iná bá wọ ara, ara a máa ta. Wọ́n so ẹ̀rọ tí ń ka ìlù ọkàn mọ́ mi láyà, kí iná lè máa bọ́ sí àsìkò tí kò ní da ìlù náà rú. Abẹ́rẹ́ gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n kì gba awọ ikùn mi wọlé, tí àwòrán CT, irú àwòrán inú ara mìíràn, ń darí wọn títí wọ́n fi yí kókó náà ká, iná sì ń lọ láti orí ọ̀kan sí èkejì. Agbára rẹ̀ lè tó 3,000 volt, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú 10,000 ìṣẹ́jú àáyá ni ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í jù. Nígbà tí mo jí, mo ń wá ojú ọgbẹ́. Àmì kéékèèké tí pílásítà bò ni mo rí. Inú ro mí, kí n má purọ́, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi ní kí n dìde rìn.

Àwòrán tí a yà kẹ́yìn fi hàn pé ohun tí ó kù níbẹ̀ kò dàgbà sí i. Àwọn dókítà kò ní mo ti bọ́. Wọ́n ní ó dákẹ́, a ó sì máa ṣọ́ ọ. Mo ń jẹun. Kápúsù kan ni mo ń gbé mì pẹ̀lú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, tí ń bá mi dà á, ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sì ti ń mú un. Nígbà tí ìyàwó àbúrò mi, Mùsùlùmí òdodo, gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n gbé e mì jàre, Ọlọ́run mọ ẹni tí ara rẹ̀ kò dá.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ta oko kòkó tí ó fẹ́ fi gbé ẹ̀mí ró lọ́jọ́ ogbó nítorí owó ọ̀nà Jámánì, kò sì jẹ́ kí n mọ̀ títí mo fi padà dé. Ẹ bá mi kí i bí ẹ bá rí i. Àwọn nọ́ọ̀sì Ifẹ̀ tí wọ́n ń wá iṣan ọwọ́ mi pẹ̀lú sùúrù, àti ìjọ wa ní Òkè-Ẹ̀ṣọ̀ tí ó gbààwẹ̀ nígbà tí n kò lè gbà á, Ọlọ́run yóò san án fún yín. A ó ṣe ìsìn ìdúpẹ́ ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ oṣù tí ń bọ̀. Kò sí aṣọ ẹbí; owó tí ẹ bá fẹ́ fi rà á, ẹ fún àwọn tí ń gba kímò ní Ifẹ̀ báyìí tí wọn kò rí owó oògùn tí ó kàn.